Omi Tó Tòrò Kọ́ Ni Omi Tó Mọ́

"Ilé wa á tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn." Àdúrà tó dùn ún ṣe àmín sí ni, èmi náà máa ń ṣe é. Àmọ́ ó ti wọ̀ wá lára l'Abẹ́òkúta débi pé omi tó bá ti tòrò, a gbà pé ó ti mọ́ nìyẹn.

Ẹ yà sí agboolé aláró kan lágbègbè Ìtòkú. Wọ́n ti rẹ adìrẹ tán, omi àró dúdú nínú bàsíà. Wọ́n á fi sílẹ̀ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀ mọ́jú, wọ́n á wá rọra da omi orí rẹ̀ sí gọ́tà. "Ó kúkú ti mọ́." Kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n fi po àró ńkọ́? Òun ò láwọ̀. Bó bá ti yòrò, kì í rọlẹ̀ mọ́. Bó bá ta síni lọ́wọ́, á kọ́kọ́ máa yọ̀ bí ọṣẹ (òróró ara ẹni ló ń sọ di ọṣẹ yẹn), kó tó di pé ó ń jóni. Bí omi gọ́tà bá ti já sódò Ògùn, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, títí dé ọ̀sà Èkó. Láàárín 1930 sí 1939, kọ́sítíìkì yìí kan náà dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn aláró Ẹ̀gbá àti Aláké, àmọ́ aṣọ tó ń bàjẹ́ ni wọ́n ń jà lé lórí nígbà náà, kì í ṣe omi.

Mo fura sí álọ́ọ̀mù. Ẹ rò ó mọ́ omi kànga tó rú, ẹrẹ̀ á so pọ̀, á rọlẹ̀, omi á dán. Kòkòrò àrùn ṣì lè wà nínú èyí tó dán yẹn. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ omi fi ń sẹ́ ẹ lẹ́yìn álọ́ọ̀mù, tí wọ́n tún ń fi kílórínì sí i.

Omi tá a fi ṣan ìrẹsì wá ńkọ́, tó funfun bí omi ògì? À ń dà á nù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tá à ń fowó ra omi ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì! Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló yẹ kó lọ. Omi ìfọṣọ náà ń bẹ níbẹ̀, bí kò bá ti ní Hypo nínú, tí kò sì sùn mọ́jú. Ìdí igi ni kẹ́ ẹ dà á sí o, kì í ṣe orí ẹ̀fọ́.

Ní Windhoek, olú-ìlú Nàmíbíà, omi ìdọ̀tí ìlú ni wọ́n ń tún ṣe tí wọ́n fi ń mu láti 1968. Kò sẹ́ni tó ń fojú díwọ̀n rẹ̀ níbẹ̀. Àyẹ̀wò ló ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìyá aláró kan tí mo mọ̀ kò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, àmọ́ bàsíà mẹ́ta ló fi ń ṣan aṣọ. Omi bàsíà kẹta tòní ló máa fi bẹ̀rẹ̀ ìṣanṣọ tọ̀la, nítorí ó mọ ohun tó ti kọjá nínú rẹ̀. Mo bi í pé, "Màmá, ti bàsíà àkọ́kọ́ ńkọ́?" Ó wò mí. "Ọmọ mi, ìyẹn ni mi ò tíì ríbi gbé e gbà."