Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí iṣẹ́ yín ti ń falẹ̀

Bí iṣẹ́ dátà bá ti ju agbára kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ, ohun tó máa ń kọ́kọ́ síni lọ́kàn ni pé kí wọ́n fúnni ní ẹ̀rọ púpọ̀ sí i lórí ẹ̀rọ ńlá àjọlò (supercomputer). Mo rọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tó ti ń falẹ̀.

Ẹ̀rọ ńlá tí à ń sọ yìí kì í ṣe kọ̀ǹpútà kan tó kàn ń sáré ju tiyín lọ. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni wọ́n so pọ̀ kí wọ́n lè pín iṣẹ́ ṣe. Frontier tó wà ní Oak Ridge, Amẹ́ríkà, ní ju 9,000 irú wọn lọ. Iṣẹ́ tí kò bá ṣeé pín kò ní yá níbẹ̀. Òfin tí wọ́n fi orúkọ Gene Amdahl, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, pè, láti inú àlàyé tó ṣe lọ́dún 1967, sọ pé bí ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ kan bá gbọ́dọ̀ máa tò tẹ̀léra, kò sí iye ẹ̀rọ tó lè mú un yá ju ìlọ́po 20 lọ.

Ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ dátà, kíkà ló sábà máa ń dá wa dúró, kì í ṣe ìṣirò. Bí dátà yín bá wà nínú mílíọ̀nù kan fáìlì kéékèèké, ẹ̀ẹ̀mílíọ̀nù ni ẹ̀rọ á béèrè: níbo ló wà, báwo ló ṣe tóbi, ta ló ni ín? Lórí ètò ìpamọ́ bíi Lustre, sáfà (server) díẹ̀ ló ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí fún gbogbo èèyàn. Àwọn ẹ̀rọ yín á wá fọwọ́ lẹ́rán, iṣẹ́ ẹlòmíràn náà á sì máa wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó wọn jọ sínú fáìlì ńlá díẹ̀, irú èyí tó lè gba dátà púpọ̀ bíi HDF5 tàbí Parquet, kí ẹ tó gbé wọn wá.

Bí iṣẹ́ bá parí lórí Slurm, ètò tó ń to iṣẹ́ sórí ìlà tó sì ń pín ẹ̀rọ fún wọn, ẹ tẹ àṣẹ seff pẹ̀lú nọ́ńbà iṣẹ́ náà, níbi tí wọ́n bá ti ní in. Ẹ wo ibi tó kọ CPU Efficiency, ìyẹn ìdá agbára ìṣirò tí iṣẹ́ náà lò nínú èyí tí ẹ gbà. Bí ẹ bá gba core (ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò nínú ẹ̀rọ) 64, tó sì kọ nǹkan bíi 1.5%, core kan péré ló ṣiṣẹ́. 63 jókòó lásán.

Ẹ bu díẹ̀ nínú dátà náà, ẹ fi core 1 ṣe é, lẹ́yìn náà 2, 4, 8. Ibi tí àfikún kò bá ti dín àkókò kù mọ́, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Òun náà lẹ ó fi díwọ̀n wákàtí tí ẹ máa béèrè. Bí ẹ bá béèrè jù, ẹ lè pẹ́ lórí ìlà, torí iṣẹ́ kúkurú ni wọ́n fi ń dí àlàfo tó bá ṣí sílẹ̀ láàrin àwọn iṣẹ́ ńlá. Bó bá sì kéré jù, Slurm á pa iṣẹ́ náà tí àkókò bá ti pé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ètò yín máa fi ibi tó bá iṣẹ́ dé pamọ́ látìgbàdégbà, kó lè tẹ̀síwájú láti ibẹ̀.