Béèsìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà: ti ìlú kọ̀ọ̀kan ni àbí ti gbogbo orílẹ̀-èdè?

Ìbéèrè: Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pe béèsìbọ́ọ̀lù ní eré ìnàjú gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Àbúrò mi tó ń gbé ní Houston ní irọ́ ni. Ó ní Astros, ẹgbẹ́ ìlú wọn, nìkan ni àwọn aládùúgbò òun ń sọ. Bí Yankees ti New York àti Red Sox ti Boston bá ń gbéná wojú ara wọn, wọn ò ní yíjú wò ó. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gba àbúrò yín gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì pe àwọn tó kù ní onírọ́. Kò sí apá ibi tí wọn ò ti fẹ́ràn eré yìí ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń wo ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tiwọn ni kò pọ̀. Ẹgbẹ́ 30 ló wà ní MLB, líìgì wọn tó ga jù, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe eré 162 láàárín bí oṣù mẹ́fà. (Mi ò pè é ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ o, igi ni wọ́n fi ń gbá a.) Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá wo ti ìlú rẹ̀ tán, oorun ló kàn. Ní NFL, bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, eré 17 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní sáà kan, ọjọ́ Àìkú ló sì pọ̀ jù sí. Èèyàn lè ráyè wo tẹni tó jìnnà.

Ìbéèrè: Ṣé iye eré yẹn nìkan ló fà á?

Ìdáhùn: Owó tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, òun ló tiẹ̀ ń bí mi nínú. NFL ń ta eré rẹ̀ pa pọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó kárí orílẹ̀-èdè. Ní ti béèsìbọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú tirẹ̀ fún iléeṣẹ́ agbègbè rẹ̀, wọ́n á sì pààlà: nínú ààlà yẹn, iléeṣẹ́ náà nìkan ló lè gbé e jáde. Ẹ wo ìpínlẹ̀ Iowa. Kò ní ẹgbẹ́ MLB kankan, síbẹ̀ ẹgbẹ́ mẹ́fà ló sọ ọ́ di oko tiwọn: Cubs àti White Sox ti Chicago, Cardinals, Brewers, Twins àti Royals. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ará Iowa tó sanwó wíwo MLB lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè wo eré àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Àwọn tó sún mọ́ ọn gan-an ni wọ́n fi dù ú! Ètò náà ti ń mì lẹ́sẹ̀: ní oṣù kẹta 2023, Diamond Sports, tó ni ọ̀pọ̀ nínú iléeṣẹ́ agbègbè wọ̀nyẹn, lọ sí kóòtù pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí a fi ń rí olólùfẹ́ Cardinals tàbí Braves níbi tó jìnnà sí ìlú wọn?

Ìdáhùn: Rédíò ló kọ́kọ́ ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí ìwọ̀ oòrùn ní àwọn ọdún 1950, St. Louis, ìlú Cardinals, ni ìpẹ̀kun líìgì náà lápá ibẹ̀. Bílẹ̀ bá ṣú, rédíò KMOX, tó lágbára 50,000 wáàtì, á máa dún ní ìpínlẹ̀ púpọ̀. Bàbá àgbà gbọ́ ọ ní Arkansas, ọmọ-ọmọ rẹ̀ jogún Cardinals. Ti Braves yàtọ̀ díẹ̀: Ted Turner rà wọ́n ní 1976, ó sì gbé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní Atlanta, ìpínlẹ̀ Georgia, sórí sátẹ́láìtì lọ́dún kan náà. Ẹni tí kò dé Georgia rí ń wo Braves lálaalẹ́.

Ìbéèrè: World Series tí wọ́n fi ń kádìí ọdún ńkọ́? Ṣé gbogbo ìlú kì í wò ó?

Ìdáhùn: Wọ́n máa ń wò ó tẹ́lẹ̀. Ní 1978 tí Yankees bá Dodgers ti Los Angeles fà á, òǹwòran ju mílíọ̀nù 40 lọ lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 2023, tó kan Rangers ti Texas àti Diamondbacks ti Arizona, wọn ò tó mílíọ̀nù 10. Nígbà tí Yankees àti Dodgers tún pàdé ní 2024, iye náà gòkè kọjá mílíọ̀nù 15. Shohei Ohtani, ìràwọ̀ béèsìbọ́ọ̀lù tó jẹ́ ọmọ Japan, ti wà ní Dodgers nígbà náà, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn sì ń jí wò ó láàárọ̀ ní Japan. Bí òun bá dé Houston, ẹ ní kí àbúrò yín wo ojú àwọn aládùúgbò rẹ̀ dáadáa.