Lábẹ́ Àtíbàbà Ahunṣọ ni Ọ́fíìsì Ọlọ́gbọ́n Ti Ṣẹ̀

Àwọn tó ń kọ ìtàn ọ́fíìsì ọlọ́gbọ́n, ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé gogoro City Place ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí kọ̀ǹpútà ń darí iná àti atẹ́gùn inú rẹ̀. N kò bá wọn du kọ̀ǹpútà. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni mo ń bá wọn du. Ọgbọ́n ilé ni pé kó mọ̀ pé èèyàn ń ṣiṣẹ́ nínú òun, kó sì gba ti onítọ̀hún rò. Ọgbọ́n yẹn ti wà nílùú Ìlọrin kí iná mànàmáná tó dé.

Ẹ wo orúkọ ìlú wa. Ìlọ-irin ni. Ohun tí àwọn àgbà sọ fún wa ni pé Òjó, tó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀, ní òkúta kan tó ń lọ irin sí, àwọn mìíràn sì ń wá lọ irin tiwọn níbẹ̀ títí ibẹ̀ fi di ìlú. Òkúta náà wà nílé Asájú ní Ìdí-Àpé títí di òní. Àwọn kan ní “ìlú erin” ni, pé erin Àfọ̀njá ló bí orúkọ náà. Erin yẹn ti lọ, òkúta ṣì wà, èmi sì gba ti òkúta.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ òkúta yìí títí. Òkúta kò wọ́n wa. Ẹ wo Òkè Sóbì. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ń wá bá? Lójú tèmi, ibùjókòó rẹ̀ ló fà á. Ẹni tó ń lọ àdá a máa tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́. Bí oòrùn bá ń pa á lórí, tí òkúta ga jù tàbí tó kéré jù, ẹ̀yìn á máa ro ó, àdá kò sì ní mú. Ó ní láti jẹ́ pé ibòji wà níbẹ̀, pé atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀, pé òkúta náà sì ṣe wẹ́kú ẹni tó kúnlẹ̀. Orúkọ àdúgbò náà pàápàá ń ràn mí lọ́wọ́, torí igi la sábà máa ń fi “ìdí” pè: Ìdí-Ìrókò, Ìdí-Àràbà.

Ẹ tún lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń hun òfì. Mo jókòó ti bàbá kan nínú wọn lóṣù kẹta, nígbà tí ooru ìlú wa máa ń kọjá ìwọ̀n 35. Kò sí ògiri níwájú rẹ̀. Òwú rẹ̀ nà gbọọrọ láti abẹ́ àtíbàbà jáde sí gbangba, ẹrù òkúta kan sì dè é mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó ṣe ń hun ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oòrùn yí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lójú, ó na ọwọ́, ó tú àpò sìmẹ́ǹtì tó ká mọ́ òpó sílẹ̀ lápá ìwọ̀-oòrùn, ó ń báṣẹ́ lọ. Mo ní, “Bàbá, ẹ ò ṣe mọ ògiri síbẹ̀ kẹ́ ẹ sinmi?” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ògiri á mọ̀gbà tí oòrùn yí?” Wọ́n tún ní òwú a máa já púpọ̀ nígbà ọyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí: bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, agbára òwú a dín kù, ìyẹn ni àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ńláńlá fi ń fọ́n ọ̀rinrin sínú ilé wọn.

Nínú àwọn òyìnbó, ẹni tó sún mọ́ bàbá yìí jù ni Warren Johnson, olùkọ́ kan ní Whitewater, ní Wisconsin. Olùtọ́jú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ a máa já wọ kíláàsì kó lè mọ̀ bóyá ó tutù tàbí ó gbóná, kó tó lọ yí ẹ̀rọ ìgbóná nísàlẹ̀ ilé. Ẹ̀kọ́ á dúró. Ní 1883 Johnson gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ oníná tó ń mọ bí yàrá ṣe gbóná tó, tó sì ń lu agogo fún olùtọ́jú náà lọ́hùn-ún. Kí iṣẹ́ má bàa dúró ló ṣe ṣe é.

Àwọn kan á ní Willis Carrier ni, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ti 1902. Bébà ni Carrier ṣe é fún, níléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn, torí ọ̀rinrin ń mú bébà fẹ̀. Wọn kò dárúkọ òṣìṣẹ́ níbẹ̀.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Ilé ọ́fíìsì kan tó ń jẹ́ The Edge dé ní Amsterdam, fóònù òṣìṣẹ́ ń júwe tábìlì tó ṣófo fún un. Ní 2015, Yunifásítì Harvard gbé ìwádìí jáde lórí èèyàn 24 tí wọ́n ń yí afẹ́fẹ́ ọ́fíìsì padà mọ́ lára láìsọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ mọ́, máàkì ìdánwò ìrònú wọn fi ìpín 61 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọjọ́ tó rí bíi ti ọ́fíìsì tá a mọ̀. Nígbà tí atẹ́gùn ìta tún pọ̀ sí i, ó di 101.

Ọ́fíìsì tèmi nílùú yìí, gíláàsì ni wọ́n fi bo iwájú rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Lọ́jọ́ kan lóṣù kẹrin, iná lọ, dísù sì tán nínú jẹnẹrétọ̀. Láago mọ́kànlá, òógùn ti ń kán sórí fáìlì, mo sì ti ṣírò owó kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Alhaja, ọ̀gá wa, ló ní, “Ó yá, ẹ gbé tábìlì.” A gbé e sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níta, a kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Oòrùn bá wa níbẹ̀, a tún sún un. Kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, a ti parí owó oṣù gbogbo ẹ̀ka wa.