Bí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń gba ìwé-ẹ̀rí pé ó ń ṣe déédéé láàárín ọkùnrin àti obìnrin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba ìbílẹ̀ kan ń ṣe déédéé láàárín ọkùnrin àti obìnrin, fáìlì ni yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá: fáìlì ètò ìṣúná, fáìlì àwọn òṣìṣẹ́, àti ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀. Orí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí yìí dúró lé. Bí wọ́n bá ṣófo, àǹkárá kan náà tí àwọn obìnrin wọ́ọ̀dù rán láti fi pàdé àlejò kò lè bò ó.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Gúúsù Kòríà, ìjọba àpapọ̀ ló ń yan ìlú tó bá yege, tí wọ́n á sì pè é ní ìlú tó rọ obìnrin lọ́rùn. Iksan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ní 2009. Ọdún 5 ni oyè náà ń lò. Bó bá pé, ìlú náà á tún ìwé kọ, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò. Ní Yúróòpù, ìwé àdéhùn kan ti wà láti 2006 tó ní abala 30. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ gbé ètò iṣẹ́ rẹ̀ jáde kí ọdún 2 tó pé. Ìlérí nìyẹn, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí, ìlérí kò sì wọ́n. Ní ìhà gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ Gender Links ń mú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gba ìpele 10 kọjá. Àjọ UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè, ní èdìdì tirẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba: ti wúrà, ti fàdákà àti ti idẹ. Ṣùgbọ́n ti Filipínì ló mú owó dání jù. Òfin wọn ti 2009 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan, títí dé ìbílẹ̀, ya ó kéré tán ìdá 5 nínú 100 ètò ìṣúná rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò sì ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ 9 ló wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ nínú 20 tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ní, láti Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Rẹ́mọ North dé Ìjẹ̀bú Òde, Odógbolú àti Ogun Waterside. Agbára wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ju bí èèyàn ṣe ń rò lọ. Àfikún kẹrin ìwé òfin 1999 gbé ọjà, páàkì ọkọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro, ojú títì àti iná ojú títì lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ó sì fún un ní ipa nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fún un láṣẹ láti fúnni ní ìwé ilẹ̀ níbi tí kì í ṣe ìgboro. Ìlànà orílẹ̀-èdè ti 2006 lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin ti dárúkọ ìdá 35 nínú 100 gẹ́gẹ́ bí ìpín obìnrin nínú ipò. Ní July 11, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ rẹ̀ tààrà. Nítorí náà, irú ìyẹ̀wò yìí kò ní ṣàìrí nǹkan yẹ̀ wò níbí.

Inú yàrá ìgbìmọ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Alága á mú àbá wá, àwọn káńsílọ̀ á jíròrò lé e, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Lẹ́tà alága nìkan kò tó. Bí sáà alága bá tán, lẹ́tà rẹ̀ a máa bá a lọ sílé. Ìpinnu ìgbìmọ̀ ló ń dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á yan alábòójútó, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Wọ́n lè mú òṣìṣẹ́ kékeré kan ní ẹ̀ka ìdàgbàsókè àwùjọ, ẹni tí kò lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń pín owó. Wọ́n sì lè gbé e fún ìyàwó alága, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé owó oṣù kankan, tí kò sì sẹ́ni tó lè bi í léèrè bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ tó lè wọlé tọ akápò ni iṣẹ́ náà tọ́ sí, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò bá a ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní akápò fúnra rẹ̀, olórí ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ti ìlera, ti ẹ̀kọ́ àti ti ètò, pẹ̀lú àwọn ará ìta: aṣojú àwọn ọlọ́jà, aṣojú àwọn tó ní ìpèníjà ara, àti àwọn ọ̀dọ́. Bó bá jẹ́ obìnrin nìkan ló kún inú rẹ̀, àwọn olórí ẹ̀ka ọkùnrin kì í ka ìwé tó bá ti ibẹ̀ wá.

Kíka iye èèyàn ló kàn. Ká sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ kan ní òṣìṣẹ́ 400, tí 220 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ìdá 55 nínú 100 nìyẹn. Ẹni tí kò bá wo jìnnà á pàtẹ́wọ́. Ẹ wá ya àwọn tó wà ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì 14 sókè sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 40, tí obìnrin 6 péré wà níbẹ̀, ìdá 15 ló kù yẹn. Àwọn obìnrin 214 yòókù wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jíṣẹ́ ìpinnu tí ẹlòmíràn ṣe. Ipò ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí lásán. Bákan náà ni wọ́n ń ka àwọn káńsílọ̀, àwọn alábòójútó ẹ̀ka tí alága yàn, àti àwọn tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń fúnni ní iṣẹ́ àgbàṣe.

Ìwé tó wà nílẹ̀ lè má fi iye ọkùnrin àti obìnrin hàn rárá. Bí ìwé àwọn tó gba ìsọ̀ lọ́jà kò bá ní àyè tí wọ́n ń kọ ọkùnrin tàbí obìnrin sí, orúkọ Yorùbá kò ní ràn yín lọ́wọ́: Adébọ́lá lè jẹ́ ọkọ, ó sì lè jẹ́ ìyàwó, Tèmítọ́pẹ́ bẹ́ẹ̀, Olúwaṣeun bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Wọ́n á fi àyè náà kún rẹ́jísítà láti òní lọ, wọ́n á sì rán èèyàn lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ fún ti àtẹ̀yìnwá. Nǹkan méjì ni kí ẹni náà kọ: orúkọ tó wà lórí ìwé ìsọ̀, àti ẹni tó ń tajà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ orúkọ ọkọ ló wà lórí ìwé, kó jẹ́ ìyàwó ló ń tajà tó sì ń san owó. Bí ọkọ bá kú, ọ̀rọ̀ di ti ẹbí, ìyàwó á sì máa wá ibòmíràn tẹ́ ọjà rẹ̀ sí. Ìwé ilẹ̀ náà nílò irú ìwádìí yìí. Ní Ogun Waterside, kíkà gbọ́dọ̀ dé etí omi: ta ló ni ọkọ̀ ojú omi, ta ló ń yan ẹja, báwo ni aláboyún ṣe ń dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lóru.

Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní ohun kan tó lè ran ètò yìí lọ́wọ́, tó sì lè tàn án jẹ. Obìnrin ti ní àyè nínú ìlú tipẹ́. Ìyálóde wà, ìyálọ́jà wà, Erelú wà nínú Òṣùgbó, regbẹ́regbẹ́ obìnrin, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra, sì ń jáde bíi ti ọkùnrin lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Regbẹ́regbẹ́ wúlò gan-an fún iṣẹ́ yìí, torí ó ní olórí, ó ní ọjọ́ ìpàdé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá gbé síbẹ̀ a sì dé ilé kíákíá. Àmọ́ oyè ìlú kì í ṣe ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ohun tí olùyẹ̀wò fẹ́ mọ̀ ni pé, lọ́jọ́ tí wọ́n fi kún owó ìsọ̀, ta ló jókòó, kí ló sọ, kí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí padà? Bí ìwé ìpàdé bá ní pé “ìyálọ́jà fi àdúrà ṣí ìpàdé” tí kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, òdo ni máàkì.

Ètò iṣẹ́ tó dára ń dárúkọ iṣẹ́, ọ́fíìsì tí yóò ṣe é, iye owó, àti oṣù tí yóò parí. “A ó máa la àwọn obìnrin lọ́yẹ̀” kì í ṣe ètò. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà ńlá kan, bí Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú Òde tàbí ọjà Awólọ́wọ̀ ní Ṣàgámù. Bí yàrá ọkùnrin bá jẹ́ 4, tí ti obìnrin náà jẹ́ 4, kò tíì dọ́gba: obìnrin ń pẹ́ níbẹ̀ ju ọkùnrin lọ, àwọn ló sì pọ̀ jù lọ́jà, nítorí náà ìlà wọn ni yóò gùn. Ètò gidi á sọ iye yàrá tí wọ́n ń fi kún un, ilẹ̀kùn tó ń tì láti inú, omi, iná, garawa onídérí fún páàdì, àti ẹnu ọ̀nà tí kò kọjú sí ibi tí àwọn alágbàrù ń jókòó sí. Ó á sọ iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú. Ọkùnrin tó fẹ́ tọ̀ lè rí ògiri lò, kó má san kọ́bọ̀; obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó ló nira jù. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan kì í pọ̀. Iṣẹ́ ńláńlá bí omi, títì àti ilé ìwòsàn ló ń gbé owó lọ. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ èyí tó yẹ kí wọ́n kà nínú rẹ̀? Filipínì ní ìwé ìdíwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wo bí iṣẹ́ kan ṣe ro ti ọkùnrin àti obìnrin, máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 20. Iṣẹ́ tí kò bá tó 4, wọn kò ka kọ́bọ̀ kankan nínú owó rẹ̀. Láti 4 sí ìsàlẹ̀ 8, ìdá 25 nínú 100 ni wọ́n ń kà; láti 8 sí ìsàlẹ̀ 15, ìdá 50; láti 15 sí ìsàlẹ̀ 20, ìdá 75. Bó bá gba 20 géérégé, wọ́n á ka gbogbo rẹ̀. Ká sọ pé wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan ní mílíọ̀nù 8 náírà, tó sì gba máàkì 10. Mílíọ̀nù 4 ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá bi àwọn obìnrin àdúgbò léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ ẹ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, tí obìnrin wà lára àwọn tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń kọ iye tọkùnrin tobìnrin tó ń pọnmi níbẹ̀ sílẹ̀, máàkì náà á gòkè. Èyí dára ju pé kí akápò kàn lẹ orúkọ obìnrin mọ́ iṣẹ́ tó ti wà nínú ètò tẹ́lẹ̀.

Owó tó wà lórí ìwé kọ́ ni wọ́n ń kà, owó tó jáde ni. Bí ètò ìṣúná bá sọ mílíọ̀nù 5, tí ìwé ìsanwó sì fi mílíọ̀nù 1.2 hàn, mílíọ̀nù 1.2 náà ni. Owó tó bá sì jáde ní December ní àìsàn tirẹ̀. Kó má bàa padà sápò, wọ́n á sáré fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n á pín in, wọ́n á ya fọ́tò. Lẹ́yìn ọdún kan, àdúgbò kan á ti ní aránṣọ tó ju oníbàárà lọ, apá kan ẹ̀rọ á sì ti dé ọjà. Olùyẹ̀wò tó mọṣẹ́ kò ní wo fọ́tò; ó á mú orúkọ díẹ̀ nínú ìwé àwọn tó gbà á, ó á wá ilé wọn lọ.

Kí àwọn olùyẹ̀wò láti ìta tó dé, ìjọba ìbílẹ̀ á kọ́kọ́ fún ara rẹ̀ ní máàkì, á sì so ìwé ẹ̀rí mọ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á wo ìwé, wọ́n á bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, láìsí ọ̀gá níbẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ sí wọ́ọ̀dù. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n máa lọ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí alága yàn fún wọn. Ọjọ́ ṣe pàtàkì: ẹni tó bá pe àwọn obìnrin sípàdé lọ́jọ́ ọjà, àwọn tí kò ní ìsọ̀ ló máa bá sọ̀rọ̀. Àyederú ìwé kò ṣòroó mọ̀. Ìwé orúkọ àwọn tó wá sípàdé tí ọwọ́ kan náà kọ látòkè délẹ̀, ìpàdé oṣù mẹ́ta tí bírò kan kọ, ìwé òfin tó ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò yẹ kí máàkì ńlá níbòmíràn dípò. Pàtàkì nínú wọn ni ọ̀nà tí obìnrin tí ọ̀gá ń fi ìbálòpọ̀ halẹ̀ mọ́ lè gbà fẹjọ́ sùn láìkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà kọjá. Òfin ìlòdì sí ìwà ipá ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 2015, Ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ní tirẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ wá fi ẹni tó ń gba ẹjọ́ hàn, àti ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ìwé ẹjọ́ tí kò ní ẹyọ kan nínú láti ọdún mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀rí pé àlàáfíà wà. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń kàn.

Ìtúnyẹ̀wò ló ń bọ̀ lẹ́yìn, ohun tó sì ń ba á jẹ́ jù ni tìràńsífà. Àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè gbé alábòójútó láti Odógbolú lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, kí gbogbo fáìlì wà nínú fóònù rẹ̀ tàbí nínú kọ̀ǹpútà tó gbé lọ. Nítorí náà, ẹ̀dà méjì ni kí wọ́n tọ́jú, ọ̀kan lọ́dọ̀ olórí àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀kan lọ́dọ̀ akápò. Kí ẹni tuntun sì fọwọ́ sí ìwé pé òun gba rẹ́jísítà ọjà, ìwé máàkì tó kẹ́yìn, àti ọjọ́ tí ìyẹ̀wò tó kàn bọ́ sí.