Ìjọba ti ẹnubodè pa, ìrẹsì ṣì ń wọlé: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Lóṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdírókò pa. Kí ló dé tí fàyàwọ́ ìrẹsì kò fi tán?

Ìdáhùn: Owó ibodè ló bí fàyàwọ́. Lọ́dún 2019, ẹni tó bá gba èbúté Èkó kó ìrẹsì wọlé, ìdá 70 nínú 100 iye ọjà rẹ̀ ló ń san: 10 jẹ́ owó ibodè gan-an, 60 jẹ́ àfikún tí ìjọba fi lé e nítorí àgbẹ̀. Ọjà 20,000 náírà ti di 34,000 kó tó kúrò ní èbúté. Ní Kutọnu, èbúté orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, iye tí wọ́n ń gbà kò sún mọ́ èyí rárá. Bẹ́ẹ̀ ìrẹsì funfun làwọn ará Bẹ̀nẹ̀ fẹ́ràn. Èyí tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó o, tí à ń fi se jọ̀lọ́ọ̀fù, ọ̀nà Nàìjíríà ló ń bá lọ.

Àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì ló ń san owó ọlọ́kadà inú igbó. Àwọn onífàyàwọ́ tó ń lo mọ́tò á yọ àga ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n á tú àpò 50 kg sínú àpò kéékèèké, wọ́n á sì tò ó débi abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Títì ẹnubodè kò dí àlàfo yẹn. Ó kàn fi kún owó ọ̀nà ni, orí ẹni tó ń ra kóńgò ìrẹsì lọ́jà ló sì já lé.

Ìbéèrè: Ta ló wá jèrè?

Ìdáhùn: Àgbẹ̀ àti oníléeṣẹ́ ìrẹsì rí ọjà tà, òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ngógó tó jẹ́ 11.02% lóṣù kẹjọ 2019 ti di 15.75% lóṣù kejìlá 2020 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹnubodè padà. Kòrónà àti náírà tó já wálẹ̀ náà dá sí i. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tó ń kó ọjà wa lọ sí Gánà pẹ̀lú ìwé pípé: ọkọ̀ wọn há sí Sẹ̀mẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣebí lóṣù keje ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ Áfíríkà ní Niamey?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, àdéhùn yẹn àti títì ẹnubodè sì tako ara wọn. Tí ìjọba bá dín owó ibodè kù kí fàyàwọ́ lè tán, àgbẹ̀ á ké. Tí Bẹ̀nẹ̀ bá gbé tirẹ̀ sókè, owó tó ń wọ èbúté Kutọnu á dín. Ìdí nìyí tí ìjọba kan kò fi lè dá a yanjú. Lóṣù keje 2024, nígbà tí oúnjẹ gbówó lórí gan-an, Àbújá kéde pé òun yóò yọ owó ibodè kúrò lórí ìrẹsì tí wọ́n ti bó, tí wọn kò tíì lọ̀ di funfun, fún 150 ọjọ́. Iṣẹ́ lílọ̀ ṣì kù fún iléeṣẹ́ wa. Àgbẹ̀ tí ìrẹsì tí wọn kò tíì bó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni iye ọjà rẹ̀ lè já.