Dígí Tí Ó Ń Bu Àbàjà Láìsí Abẹ

Bí ẹni tí kò kọ ilà bá dúró níwájú irú dígí yìí ní Ìbàdàn, ó lè rí àbàjà mẹ́rin mẹ́rin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì láìrí olóolà. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ilà náà yóò fẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ó bá sì yíjú, ti ẹ̀gbẹ́ kan yóò pamọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe dígí rárá. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí a gbé nàró ni, tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ni ó ń yí àwòrán padà kí ọwọ́ ọ̀tún lè bọ́ sí ọ̀tún. Bí a bá gbàgbé èyí, ẹni tí ó fẹ́ tún gèlè ṣe níwájú rẹ̀ yóò kàn máa ṣi ọwọ́ gbé ni.

Kámẹ́rà máa ń ya àwòrán bíi 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni a ti ń wá ojú. Ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Paul Viola àti Michael Jones, gbé jáde ní 2001 ń fi ibi tí ó ṣókùnkùn wé ibi tí ó mọ́lẹ̀, nítorí pé agbègbè ẹyinjú sábà máa ń dúdú ju òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Lẹ́yìn èyí, ètò mìíràn yóò to àmì sórí ojú náà; MediaPipe ti Google ń to 468, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. A ó so àwọn àmì wọ̀nyí pọ̀ ní onígun mẹ́ta kéékèèké, bí àwọ̀n tí a dà bo ojú, a ó sì lẹ àbàjà mọ́ àwọ̀n náà, tí ó fi jẹ́ pé bí ojú bá ti mì ni ilà yóò bá a lọ.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà mìíràn máa ń gbé dígí tí a fi nǹkan fẹ́lẹ́ bíi fàdákà kùn síwájú tẹlifíṣọ̀n. Níbi tí tẹlifíṣọ̀n bá dúdú, òjìji ẹni gan-an ni a ó rí. Níbi tí ó bá tàn, àwòrán yóò la dígí kọjá. Nítorí náà, ilà funfun bí ẹfun ni ó ṣeé kọ níbẹ̀, kì í ṣe dúdú. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n òun ni ó le jù, torí pé òjìji kì í pẹ́ dé, kọ̀ǹpútà ni ó ń pẹ́: bí ènìyàn bá yára mi orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò ti kúrò, àbàjà yóò sì ṣẹ́kù sórí etí.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni kò ṣeé fojú fò. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn òǹwòran lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ yóò dúdú nínú àwòrán débi pé ìyàtọ̀ ẹyinjú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò parẹ́. Ti àwọ̀ tún wà níbẹ̀, èyí tí kì í ṣe ẹ̀bi fèrèsé: nígbà tí Joy Buolamwini, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, ń ṣe irú dígí báyìí ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, ètò tí ó lò kò rí ojú rẹ̀ àfi ìgbà tí ó gbé ìbòjú funfun wọ̀. Ẹni tí yóò gbé e kalẹ̀ nílùú yìí yóò jẹ́ kí òǹwòran kọjú sí ìmọ́lẹ̀, yóò sì fi ẹni tí ó dúdú jù lọ nínú ilé dán an wò kí àlejò tó dé. Bí iná bá wá lọ, tẹlifíṣọ̀n lásán yóò di pátákó dúdú. Èyí tí ó ní dígí níwájú nìkan ni yóò ṣì máa ṣe iṣẹ́ dígí, láìsí àbàjà.