Edward Enninful

Edward Enninful (tí wọ́n bí ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1972) jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn oge, ọmọ Ghánà tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ afẹwàṣiṣẹ́, ìyẹn wíwọ aṣọ fún fọ́tò oge, ló kọ́kọ́ ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 16. Ní ọdún 2017, ó di olóòtú àgbà Vogue ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1916 tí ìwé ìròyìn náà ti ń jáde, kò sí ọkùnrin kankan tó jókòó sórí àga yẹn ṣáájú rẹ̀, kò sì sí aláwọ̀ dúdú kankan.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Takoradi, létí òkun Ghánà, ni wọ́n ti bí i. Ṣọ́jà ni bàbá rẹ̀. Télọ̀ ni Grace, ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni Edward sọ pé òun ti kọ́ ohun tí aṣọ jẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rí á mọ ohun tó ń sọ: ẹni tó sanra ń wọlé, ẹni tó tín-ín-rín ń wọlé, arúgbó ń wọlé, aṣọ ni wọ́n sì ń gé bá ara mu, wọn kì í gé ara bá aṣọ. Ilé iṣẹ́ oge ilẹ̀ Yúróòpù tó padà wá bọ́ sí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń rán fún fọ́tò níbẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á ni yóò wọ̀ ọ́.

Nígbà tí rúkèrúdò ìṣèlú Ghánà kò jẹ́ kí ara rọ ìdílé náà, wọ́n kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì fi àdúgbò Ladbroke Grove ṣe ibùgbé. Edward kò tíì pé ọmọ ogún ọdún.

Afẹwàṣiṣẹ́ àti i-D

Inú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni Simon Foxton ti rí i. Iṣẹ́ Foxton ni láti máa yan aṣọ tí àwọn ènìyàn yóò wọ̀ ya fọ́tò inú ìwé ìròyìn, ó sì bi ọmọkùnrin náà bóyá yóò fẹ́ wá ṣe afẹwàṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà. Nígbà tó yọ̀ǹda fún un, Foxton mú un mọ Nick Knight tó jẹ́ ayafọ́tò, ibẹ̀ ló sì ti dé ìwé ìròyìn oge i-D.

Terry Jones ló dá i-D sílẹ̀ lọ́dún 1980, lẹ́yìn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Vogue ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀dọ́ tó ń rìn lójú pópó ló kúndùn láti máa yà ju ọmọ olówó lọ. Ìwé náà ní àṣà kan tí kò fi sílẹ̀: ẹni tó bá wà lójú èèpo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa ojú kan dé, tàbí kó fi nǹkan bo ojú kan. Edward kò pẹ́ níwájú kámẹ́rà. Ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá wọn kó aṣọ, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fọ́tò sọ ìtàn, nígbà tó sì fi máa di ọmọ ọdún 18, òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ẹ̀ka oge. Kò sí ẹni tó kéré tó o lórí irú àga bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tó gbajúmọ̀ lágbàáyé nígbà náà. Ó lo nǹkan bí ogún ọdún níbẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn ó tún ń bá Vogue ti Ítálì ṣiṣẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2008, Franca Sozzani, olóòtú rẹ̀, gbé àtẹ̀jáde kan jáde tó jẹ́ pé àwọn afẹwàṣiṣẹ́ aláwọ̀ dúdú nìkan ló wà nínú fọ́tò oge rẹ̀, títí kan Naomi Campbell, Liya Kebede àti Jourdan Dunn. Steven Meisel ló ya wọ́n, Edward sì wà lára àwọn tó ṣètò aṣọ. Ìwé náà tán lórí àtẹ débi pé wọ́n tún un tẹ̀. Àmọ́ ojú ìwé ìpolówó kò yí padà, aláwọ̀ funfun ló ṣì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ó lọ sí ìwé ìròyìn W ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2011. Ní 2016, wọ́n fi oyè OBE dá a lọ́lá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Vogue ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọwọ́ Alexandra Shulman, tó lo ọdún 25 lórí àga, ni Edward ti gbapò. Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde fún oṣù Kejìlá ọdún 2017, Adwoa Aboah, afẹwàṣiṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ghánà, ló sì wà lójú èèpo. Lára orúkọ tí wọ́n kọ sára èèpo yẹn ni Skepta, akọrin tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ìyẹn ìdílé Adénúgà.

Láti ìgbà náà ni irú ẹni tó ń bọ́ sójú èèpo ti yí padà. Halima Aden wọ híjáàbù síbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2018. Òṣèré Judi Dench wà níbẹ̀ lọ́mọ ọdún 85 ní oṣù Kẹfà 2020. Ní oṣù Keje tó tẹ̀ lé e, tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà, awakọ̀ ojú irin, agbẹ̀bí àti òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ńlá ni wọ́n yà. Fún oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Misan Harriman, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, ló ya Aboah àti agbábọ́ọ̀lù Marcus Rashford. Nínú ọdún 104, òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ya fọ́tò èèpo ìwé náà.

Oṣù Keje 2020 kan náà ni ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ Vogue sọ fún olóòtú àgbà náà pé kó gba ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù wọlé. Edward fi ọ̀rọ̀ náà síta fún gbogbo ayé, wọ́n sì lé ẹ̀ṣọ́ náà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó ṣe ni aráyé gbà bẹ́ẹ̀. Fún oṣù Kejì 2022, Rafael Pavarotti ya ọmọbìnrin mẹ́sàn-án tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà. Àwọn kan yìn ín. Àwọn mìíràn ní iná fọ́tò náà mú kí àwọ̀ wọn dúdú ju bó ṣe rí lọ, bí ẹni pé oríṣi dúdú kan ṣoṣo ló wà. Ní oṣù Karùn-ún 2023, àwọn aláàbọ̀ ara ni àkòrí àtẹ̀jáde rẹ̀. Ọ̀pá tí òṣèré Selma Blair fi ń rìn wà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú èèpo, wọ́n sì ṣe ẹ̀dà Braille fún àwọn afọ́jú. Ìyẹn ló sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù ìyá Edward jù nínú gbogbo wọn.

Lẹ́yìn Vogue

Obìnrin 40 tó lókìkí ló kó jọ sójú èèpo tó fi dágbére ní oṣù Kẹta 2024. Chioma Nnadi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló gbapò rẹ̀. Ní 2025, Edward àti Akua, àbúrò rẹ̀ obìnrin, dá ilé iṣẹ́ EE72 sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, 72. Ọdún tí wọ́n bí i ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, Julia Roberts ló sì wà lójú èèpo àkọ́kọ́.